Kí Oyún Tó Dé: Obìnrin Tó Ní Wárápá ní Ọ̀wẹnà

Awakọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, tó ń lọ sí Oǹdó, kò lè sáré kọjá Ọ̀wẹnà bó ti wù ú. Ọjà ló kún etí títì. Bí ọkọ̀ bá ti dẹ eré díẹ̀, ọwọ́ á ti dé ojú fèrèsé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, kókò, ìgbín inú agbọ̀n. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ni ìlú yìí wà, kòkó ni wọ́n sì fi mọ agbègbè náà tipẹ́tipẹ́; CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, ní oko ìwádìí níbí. Odò tó fún ìlú lórúkọ ń ṣàn lọ lábẹ́ afárá.

Obìnrin ló gba ọjà náà kan, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń bímọ lọ́wọ́: èyí pọn ọmọ, èyí fẹ́ra kù. Mo gba àárín wọn kọjá nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ ní gbangba, ọ̀rọ̀ obìnrin tó ní wárápá tó sì fẹ́ bímọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó pàtẹ kókò ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè mi tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà mí mọ́ra.

“Rọra sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ẹni tí ò ń wí yẹn kò jìnnà síbí. Ilé ọkọ ló wà.”

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn pọ̀. Bí ará ilé ọkọ bá mọ̀, ilé lè tú. Àwọn mìíràn kò ní í bá a fọwọ́ bọ àwo kan náà mọ́, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tí gìrì mú máa ń ko àrùn náà ran èèyàn. Kì í ràn. Iṣẹ́ ọpọlọ ló dàrú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí ohun kankan nínú itọ́ náà tó lè gbé wárápá fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá bí pàápàá kì í sábà jogún rẹ̀; àwọn tó ń jogún rẹ̀ kò tó 1 nínú ọmọ 10. Ìbẹ̀rù yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, títí di 1956, ìpínlẹ̀ 17 ló ní òfin tó ka ìgbéyàwó léèwọ̀ fún ẹni tó ní wárápá. 1980 ni ìpínlẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú wọn tó fagi lé tirẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ kan ni, kó rántí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún kan èèyàn, ó lé díẹ̀ ní 5 tí wárápá ń ṣe. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan obìnrin ló ná ọjà Ọ̀wẹnà lọ́jọ́ kan, a jẹ́ pé bíi márùn-ún nínú wọn ló ń gbé àṣírí yìí kiri lábẹ́ ìborùn.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá alákókò mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan tó kọjú sí títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ dáadáa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò ó. Obìnrin kan wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó na owó sí i, kò sọ orúkọ oògùn kankan. Ohun tó sọ kò ju “Ti ìjẹta yẹn” lọ. Ọmọkùnrin náà fa páálí kan jáde, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé hóró mẹ́wàá kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì gígùn, ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá kékeré. Mo ní kó jẹ́ kí n wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Orí orúkọ oògùn gan-an ni sísọ́ọ̀sì gbà kọjá. Lẹ́tà mẹ́ta ló kù sí apá tí obìnrin yẹn mú lọ, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ sì wà lára èyí tó ṣẹ́kù sínú páálí.

Ojú mi kò kúrò lára nǹkan yẹn títí mo fi jáde. Orúkọ oògùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, obìnrin tó ń lò ó kò sì mọ orúkọ náà.

Oògùn tó ń dá wárápá dúró kì í ṣe ẹyọ kan. Phenobarbital wà, òun ló pẹ́ jù, òun náà ló sì rọrùn lówó jù. Phenytoin wà, carbamazepine tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol wà, sodium valproate tí wọ́n ń pè ní Epilim wà. Lẹ́yìn náà ni lamotrigine àti levetiracetam dé. Fún ọkùnrin, tàbí ìyá tó ti dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, dókítà lè fi èyíkéyìí nínú wọn tó bá bá ara mu tọ́jú rẹ̀. Fún ọmọbìnrin tó lè lóyún, wọn kò rí bákan náà rárá.

Valproate ni ká kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lò ó nígbà tó wà nínú oyún, bíi 10 ni àbùkù máa ń wà lára wọn: ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò pa dé, ihò nínú ọkàn, ètè tó là. Láàárín gbogbo aláboyún lápapọ̀, 2 tàbí 3 nínú 100 ni. Ó tún kù o. Nínú àwọn ọmọ valproate, 30 sí 40 nínú 100 ni ọpọlọ wọn kì í dàgbà bó ti yẹ: wọn kì í tètè rìn, wọn kì í tètè sọ̀rọ̀, ìwé a sì máa nira fún wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dúró ṣánṣán lójú, kí ìyá rẹ̀ má fura títí tí yóò fi dé iléèwé. Lamotrigine àti levetiracetam kò rí bẹ́ẹ̀. Ewu àbùkù ara lọ́dọ̀ tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti aláboyún tí kò lo oògùn kankan. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital wà láàárín méjèèjì, ewu carbamazepine àti phenobarbital sì ń pọ̀ sí i bí ìwọ̀n tí obìnrin ń lò bá ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kọ́ yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Britain, ìyá méjì tí wọ́n ti lo valproate nínú oyún, Janet Williams àti Emma Murphy, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Baroness Cumberlege darí láti wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù keje 2020, ó hàn gbangba pé àwọn ìyá ti ń ké fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò rí ẹni dá wọn lóhùn. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kí wọ́n má fi valproate bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún ọmọbìnrin tàbí obìnrin tó lè lóyún. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London ń gbọ́ ìkìlọ̀ yìí lẹ́nu dókítà wọn. Ẹni tó ń ra hóró mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ọ̀rá ní Ọ̀wẹnà ń kọ́, lẹ́nu ta ni yóò ti gbọ́ ọ?

Mo dé ilé ìwòsàn Ọ̀wẹnà ní ọjọ́ àwọn aláboyún. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: bẹ́ǹṣì gígùn, àwọn obìnrin nínú aṣọ àǹkárá, orin àti àtẹ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, káàdì lọ́wọ́ kálukú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ aláboyún. Lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò ni ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní 2009, Ìfẹ́dọ̀rẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, tí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sì dìde ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ètò Agbẹ̀bíyè tún pe àwọn ìyá agbẹ̀bí àti àwọn agbẹ̀bí inú ìjọ mọ́ra, kí wọ́n lè máa darí aláboyún sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ìpìlẹ̀ wà nílẹ̀, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í lélẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà mí láàyè láti jókòó sí igun yàrá lẹ́yìn tó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Ọ̀kan wọlé, oyún rẹ̀ ti tó oṣù márùn-ún. Bí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì rí àpá iná tuntun kan ní apá rẹ̀.

“Kí ló ṣe yín níbí?”

Obìnrin náà wo ilẹ̀. “Mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì.”

“Ṣé gìrì ni?”

Kò fèsì. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Láti kékeré ni wárápá ti ń ṣe é. Oògùn ti dá a dúró fún ọdún mélòó kan kó tó lọ́kọ. Nígbà tí oyún dé, àwọn àgbà ilé ní oògùn gìrì máa ń ba ọmọ inú jẹ́, ló bá kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ṣáláńgá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣubú láti ìgbà náà.

Mo retí pé nọ́ọ̀sì yóò bínú. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ ń ṣubú. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà rẹ̀.”

Ó wá ṣàlàyé fún un, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yin tó ń kà á. Obìnrin tó bá ṣàdédé dá oògùn wárápá dúró, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó sì lè kú lójú oorun. Ọmọ inú pẹ̀lú kì í rí atẹ́gùn tó nígbà tí gìrì ńlá bá mú ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bó ti wù kí oògùn náà rí, títí kan valproate, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Dókítà ló lè pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó dín in kù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì ṣe é. Nọ́ọ̀sì náà pe dókítà kan lórí fóònù níwájú wa, ó sì kọ ìwé tí obìnrin náà yóò mú lọ sí Oǹdó.

Lẹ́yìn tí obìnrin náà jáde ni nọ́ọ̀sì tó sọ ohun tó ń dùn ún. Ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé kí ọjọ́ 28 tó pé tí oyún dúró. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń rò ó bóyá nǹkan oṣù wọn kàn pẹ́ ni. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n ń wá gba káàdì. Oògùn tó yẹ ká ti pààrọ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Folic acid tó yẹ kí wọ́n ti máa lò ṣáájú oyún, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e fún wọn.

Èmi náà gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. A ń fi ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ fún wúńdíá dúró de aláboyún.

Folic acid yìí ní ìdí tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì àti dókítà jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ 5 mg lójúmọ́ fún obìnrin tó ń lo oògùn wárápá, kó bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró, kó sì lò ó títí di ọ̀sẹ̀ 12. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ni a sì ń fún aláboyún ní Fansidar nítorí ibà. WHO kìlọ̀ pé folic acid tó bá tó 5 mg lójúmọ́ lè sọ Fansidar di aláìlágbára. Èyí tó kéré, 0.4 mg, ni wọ́n ní kí aláboyún lò nígbà náà. Ní ìlú tí ẹ̀fọn pọ̀ lẹ́bàá odò bíi tibí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Yàrá tó tẹ̀ lé e ni ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mo béèrè bóyá wọ́n máa ń bi obìnrin pé oògùn wo ló ń lò kí wọ́n tó fi èyí tí wọ́n ń rì bọ apá sí i lára. Ó yẹ kí wọ́n máa bi í níbi gbogbo, nítorí phenobarbital, phenytoin àti carbamazepine máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà dànù. Obìnrin yóò gbẹ́kẹ̀ lé e, oyún yóò sì dé. Hóró tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ náà kò yọ sílẹ̀. Fún irú wọn, kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ dára, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta náà dára. Ẹni tó ń lo lamotrigine ní tirẹ̀ lè rí i pé hóró ìfètò tó ní estrogen nínú ń dín agbára oògùn wárápá rẹ̀ kù, tí gìrì á sì padà dé. Oyún fúnra rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí lamotrigine, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ bí oyún ti ń dàgbà.

Bí mo ti fẹ́ kúrò, mo béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí gìrì bá mú aláboyún níwájú wọn. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Gìrì tó bá mú obìnrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, gìrì aláboyún ni wọ́n ń kà á sí títí tí wọ́n yóò fi rí i pé kì í ṣe òun, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate sì ni oògùn rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà ní wárápá, ọwọ́ lè dàrú. Bí wọ́n bá sì mọ̀ pé ó ní wárápá, wọ́n tún lè tètè sọ pé “àìsàn rẹ̀ ló dé” kí wọ́n má wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Méjèèjì ló ń pa èèyàn.

Ṣíbí ni ohun tí a máa ń sáré mú nílé nírú àkókò yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí ẹni tí gìrì mú lẹ́nu. Ẹ kó iná àti ohun mímú jìnnà sí i, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó bá jẹ́ aláboyún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, èyí tí àwọn baba wa ń dà sí ọmọ lẹ́nu nítorí gìrì, àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Kí aláboyún má fi kan ẹnu.

Ọ̀wẹnà wà láàárín ìlú méjì tó ní dókítà àgbà. Àkúrẹ́ wà ní apá kan, Oǹdó wà ní apá kejì, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2015 wà. Ọ̀nà kò jìnnà, owó ọkọ̀ àti owó oògùn ló ń dáni dúró. Ní 2023 ni ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Sanofi náà sì gbé títa oògùn rẹ̀ fún àwọn alágbàtà láti 2024. Gbogbo ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù ló mọ ibi tí owó rẹ̀ ti dé látìgbà náà. Lamotrigine àti levetiracetam tó sàn fún ọmọ inú ló máa ń wọ́n jù.

Mo gba ẹsẹ̀ odò padà. Àwọn obìnrin ń fọṣọ, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn kan. Fún ẹni tí gìrì lè mú nígbàkígbà, odò àti ààrò ni ewu rẹ̀ tó súnmọ́ jù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí oorun kò tó. Àìsùn a máa pe gìrì. Mo fẹ́ràn bí àṣà wa ṣe ṣe dáadáa níbí: ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ á wá wẹ ọmọ, á gbé e lóru, á jẹ́ kí abiyamọ sùn. Ohun tí dókítà ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn. Kí ìyá máa fún ọmọ lọ́yàn, nítorí oògùn wárápá púpọ̀ kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Kó jókòó sórí ẹní fún un lọ́yàn, kó má dá wẹ̀ ẹ́, kó má sì pọn ọ́n lọ sídìí iná tàbí odò. Ẹni tó ní wárápá lè bímọ lójú ara; wárápá nìkan kò tó ìdí láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó lé ní 9 nínú obìnrin 10 tó ní wárápá tí ń bí ọmọ tó pé pérépéré.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọbìnrin yín ń lo oògùn wárápá, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìdána. Ẹ mú un lọ rí dókítà báyìí, kí ẹ sì gbé odidi páálí oògùn rẹ̀ dání, kí wọ́n lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà oògùn, ẹ kọ orúkọ oògùn sára ọ̀rá kí ẹ tó nà án sí oníbàárà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó tó mọ bí a ti ń dá Abíyè sílẹ̀ sì lè fi lamotrigine àti levetiracetam sí ilé ìwòsàn abúlé ní owó tí alátẹ kókò lè san.